Àwọn atọ́kùn podcast tí wọn kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan: ta ni ó ni iṣẹ́ wọn gan-an?

#1 Etígbọ́ràn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí a jọ jíròrò lórí àwọn podcast, ìyẹn ètò ohùn orí ayélujára, tí ènìyàn kan tàbí ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta dá sílẹ̀ fúnra wọn, láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ rédíò tàbí ti ìwé ìròyìn kan ni ó rán wọn níṣẹ́. Oríṣiríṣi ni wọ́n, débi pé ẹni tí ó bá gbọ́ mẹ́wàá nínú wọn lè máà rí méjì tí ó jọra.

Àwọn tí ń sọ ìtàn àtijọ́ ni mo mọ̀ jù, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni n ó ti mú àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2005, Lars Brownworth, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìpínlẹ̀ New York, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn méjìlá nínú àwọn ọba Bìsáńtíọ̀mù, ìyẹn ilẹ̀ ọba Róòmù ti ìlà-oòrùn. Mike Duncan gbọ́ ọ, ó sì wá irú ètò bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ Róòmù títí, kò rí èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ The History of Rome ní ọdún 2007, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹja ni ó ń tà jẹun. Ó tó ọdún márùn-ún kí ó tó dé ibi tí ilẹ̀ ọba Róòmù ti ìwọ̀-oòrùn ti wó, ibẹ̀ ni ó sì parí ètò náà sí ní ọdún 2012. Ọdún yẹn kan náà ni Robin Pierson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìtàn náà láti ibi tí Duncan bá a dé, tí ó pe tirẹ̀ ní The History of Byzantium. Kò sí ẹni tí ó yan Pierson sí ipò náà. Kò sí ọ̀gá tí ó pe Duncan sí ọ́fíìsì láti sọ fún un pé kò sí ìtàn tí ó lè gba ọdún márùn-ún lórí afẹ́fẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba. Jẹ́jẹ́ ni Duncan ń sọ tirẹ̀, a sì máa fi àwàdà bọ́ ọ láìrẹ́rìn-ín. Dan Carlin, tí ó ti ṣiṣẹ́ rédíò tẹ́lẹ̀, yàtọ̀ pátápátá: apá kan ṣoṣo nínú Hardcore History lè ju wákàtí mẹ́rin lọ, ó lè tó oṣù mélòó kan kí òmíràn tó jáde, ohùn rẹ̀ a sì máa ròkè ròdò bí ẹni pé ogun tí ó ń sọ ń lọ lọ́wọ́ níwájú rẹ̀. Ní ti David Crowther, inú ahéré onípákó tí ó wà nínú ọgbà ilé rẹ̀ ni ó ti ń sọ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2010, kò sì fi ahéré náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Èrò tèmi ni pé ohun tí ó bí gbogbo ìyàtọ̀ yìí ni pé kò sí ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti dá wọn padà. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn wo ni ẹ̀yin ń gbọ́, ṣé ẹ sì gbà pẹ̀lú mi?

#2 Àbẹ̀ní_Peckham

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Etígbọ́ràn. Mo gbà pẹ̀lú yín dé àyè kan. Pé ènìyàn wọlé láìgba àṣẹ kò tíì tó láti pè é ní ẹni tí ó dá dúró. Ọjọ́ tí atọ́kùn bá fẹ́ kúrò níbi tí ó wà ni a máa ń mọ̀ bóyá òun ni ó ni ètò náà tàbí òun kọ́.

Ẹ wo Brittany Luse àti Eric Eddings ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2014, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ For Colored Nerds fúnra wọn, ètò tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì aláwọ̀dúdú ti ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ sí ara wọn nígbà tí àlejò kò bá sí nílé. Ní ọdún 2017 wọ́n bọ́ sí Gimlet, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe podcast, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun tí ó ń jẹ́ The Nod. Spotify, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń gbé orin àti podcast sórí ayélujára, ra Gimlet ní ọdún 2019. Nígbà tí àwọn méjèèjì kúrò níbẹ̀ ní ọdún 2020, orúkọ The Nod àti gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn àwọn ni gbogbo ayé ń gbọ́. Ohun tí wọ́n lè padà sí ni èyí tí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀, wọ́n sì padà sí i ní ọdún 2021.

Nílùú Lọ́ńdọ̀nù níbí, The Receipts ni mo fẹ́ràn jù. Ọdún 2016 ni Tolani Shoneye, Audrey Indome àti Milena Sanchez bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Yorùbá tiwa, èkejì jẹ́ ọmọ Gánà, ẹ̀kẹta sì ní Sípáníìṣì lẹ́nu. Àwọn olùgbọ́ a máa fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ ẹbí ránṣẹ́ sí wọn, wọn a sì dá a lóhùn láìbò ó. Spotify gba àwọn náà sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ó yá. Èmi kò dá wọn lẹ́bi rárá, nítorí owó ilé ní ìlú yìí kò ṣe é fi ẹnu sọ, ṣùgbọ́n n kò ní pe ètò tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti gbà sí abẹ́ rẹ̀ ní èyí tí ó dá dúró.

#3 Ẹlẹ́rọ_Ọ̀ṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n fi àlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ kún un, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ Etígbọ́ràn àti ti Àbẹ̀ní wà.

Fáìlì alákọsílẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní RSS ni ìpìlẹ̀ podcast. Inú rẹ̀ ni orúkọ ètò, ọjọ́ tí apá kọ̀ọ̀kan jáde àti àdírẹ́sì ibi tí fáìlì ohùn wà máa ń wà. Dave Winer ni ó fi àyè fún fáìlì ohùn sínú RSS ní ìparí ọdún 2000, lẹ́yìn tí Adam Curry, tí ó ti jẹ́ atọ́kùn ní MTV, ti bá a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Curry fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní ọdún 2004, nígbà tí ó sì di oṣù kẹfà ọdún 2005, Apple fi podcast sínú iTunes. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé Apple kì í tọ́jú ohùn náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àdírẹ́sì RSS nìkan ni ó ń kọ sílẹ̀. Orí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí atọ́kùn ń sanwó fún ni ohùn wà, ibẹ̀ sì ni fóònù olùgbọ́ ti ń gbé e.

Nítorí èyí, nígbà tí Stitcher kógbá wọlé ní ọdún 2023, tí Google Podcasts náà sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2024, kò sí ètò kan tí ó tìtorí bẹ́ẹ̀ kú. Àwọn olùgbọ́ wá áàpù mìíràn, wọ́n sì bá àwọn atọ́kùn wọn níbẹ̀. Ẹ wá fi èyí wé ètò Joe Rogan, tí Spotify gbà ní ọdún 2020, tí kò sì sí níbòmíràn mọ́ títí di ọdún 2024. Ẹni tí kò bá fẹ́ Spotify kò lè gbọ́ ọ mọ́ nìyẹn, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó tí ó ti ń tẹ̀ lé e.

Ẹni tí ó bá di àdírẹ́sì RSS mú ni ó di olùgbọ́ mú. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

#4 Etígbọ́ràn

Ẹ ṣeun, Ẹlẹ́rọ. Mo ti gba ti Àbẹ̀ní. Kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ètò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé àwọn ètò náà fúnra wọn. Ta ni ó ní èyí tí ó ṣe àjèjì tí ó fẹ́ kí a gbọ́?

#5 Akọ̀wé_Ọjà-Ọba

Èmi ní ọ̀kan. Ear Hustle ni orúkọ rẹ̀, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n San Quentin ní ìpínlẹ̀ California ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Nigel Poor, tí ó jẹ́ ayàwòrán, ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀. Earlonne Woods, tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí ọjọ́ ayé fún nítorí pé ó gbìyànjú àtijalè lábẹ́ òfin tí ó ń fìyà jẹ ẹni tí ó bá dẹ́ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, wà nínú ọgbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni Antwan Williams, tí ó ń ṣe orin àti ìró. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbìmọ̀ ètò kan tí yóò sọ bí ìgbésí ayé ṣe rí nínú ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí Radiotopia, ẹgbẹ́ àwọn ètò podcast kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ìdíje ní ọdún 2016 láti wá ètò tuntun, àbá tí ó wọlé ju 1,500 lọ, tiwọn ni ó sì borí. Oṣù kẹfà ọdún 2017 ni apá àkọ́kọ́ jáde, lórí bí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń bá ara wọn gbé inú yàrá tóóró kan náà, ìyẹn ẹni tí wọ́n yàn fún ọ àti ohun tí o lè ṣe bí ẹ kò bá rẹ́.

Ẹ rò ó wò ná: àwọn tí ń ṣe ètò náà láti inú ẹ̀wọ̀n kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Woods ṣì wà níbẹ̀, kò lè gbọ́ ètò ara rẹ̀ lórí fóònù bí èmi àti ẹ̀yin ti ń gbọ́ ọ. Kí apá kọ̀ọ̀kan tó jáde, ọ̀gá ọlọ́pàá ẹ̀wọ̀n tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọn a sì gba ohùn rẹ̀ sí ìparí ètò níbi tí ó ti ń sọ pé òun fọwọ́ sí i. Síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ ọkùnrin tí ó ń tọ́jú àwọn kòkòrò àti ẹranko kéékèèké ní ìkọ̀kọ̀, ẹ ó gbọ́ bàbá tí ó ń gbìyànjú láti tọ́ ọmọ láti ẹ̀yìn odi. Àánú kọ́ ni wọ́n ń tọrọ. Ẹ̀rín pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ẹ ti lérò lọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, Gómìnà Jerry Brown dín ẹ̀wọ̀n Woods kù, ó sì jáde. Ó ń bá iṣẹ́ ètò náà lọ láti ìta, Ear Hustle sì wà lára àwọn tí ó dé ìpele ìkẹyìn fún ẹ̀bùn Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà, ti ètò alohùn ní ọdún 2020.

#6 Mo_Takò

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé, ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n mo ní láti takò yín. Báwo ni ètò tí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n ń buwọ́ lù kí ó tó jáde ṣe lè dá dúró? Bí ìjọba ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ yìí bá ní kí àwọn atọ́kùn máa gbé apá kọ̀ọ̀kan wá fún ìfọwọ́sí, gbogbo wa ni a ó pariwo.

#7 Akọ̀wé_Ọjà-Ọba

Ìbéèrè yín tọ́. Ìdáhùn mi ni pé wọn kò fi í pamọ́. Gbogbo olùgbọ́ ni ó mọ̀ pé ẹnìkan ti gbọ́ ètò náà ṣáájú òun, wọ́n mọ irú ẹni tí ó jẹ́, wọ́n sì lè fi ìyẹn díwọ̀n ohun tí wọ́n gbọ́. Mélòó nínú àwọn ètò tí a ń pè ní òmìnira ni ó ń sọ fún wa pé onípolówó ti ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò?

#8 Ọmọ_Sùúrùlérè

Ẹ má bínú pé mo dá sí i pẹ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀, òkè òkun ni ọ̀rọ̀ yín wà. Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sílé.

Ní Èkó, ètò tí ó kọ́kọ́ mú kí àwọn ọ̀rẹ́ mi mọ ohun tí podcast jẹ́ ni Loose Talk, tí Osagie Alonge, Ayomide Tayo àti Steve Dede ń ṣe nígbà náà lábẹ́ Pulse, ilé-iṣẹ́ ìròyìn orí ayélujára. Lọ́nà tí Àbẹ̀ní gbà wò ó, ti ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Ní ọdún 2017, FK Abudu àti Jola Ayeye bẹ̀rẹ̀ I Said What I Said fúnra wọn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì ni wọ́n, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì Èkó sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọkùnrin, owó àti ìlú, ẹnìkan a sì máa já lu ọ̀rọ̀ ẹnìkejì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ti ń ṣe. Èyí tí ó mú mi dúró tì wọ́n ni pé wọn kì í ṣe bí olùkọ́. Wọ́n lè yí ìpinnu wọn padà láàárín ìjíròrò kan náà, kí ẹ sì gbọ́ bí ó ṣe ń yí.

Láti ìgbà náà, fídíò ti gba ìgboro. Àwọn àga aláwọ̀ mèremère, iná aláwọ̀ elésè àlùkò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá níwájú ènìyàn mẹ́rin, kí wọ́n sì gé ìṣẹ́jú kan tí ẹnìkan ti sọ ìsọkúsọ nípa obìnrin jáde kí ó lè gbóná lórí ayélujára. N kò sọ pé gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn jọra wọn ju àwọn ètò rédíò tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ yàtọ̀ sí lọ. Orí YouTube ni wọ́n sì kó sí, kò sí RSS tí Ẹlẹ́rọ ń sọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ìkànnì wọn, ó parí nìyẹn.

Etígbọ́ràn ní kò sí ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, owó dátà jókòó síbẹ̀, iná mànàmáná sì jókòó tì í. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń pariwo láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, ìgbà wo ni ènìyàn fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀?

#9 Bàbá_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí ẹ ń sọ yìí kò ṣe àjèjì sí etí àgbà.

Nígbà ayé àwo-orin, Lánrewájú Adépọ̀jù ń ké ewì sórí àwo, àwọn ènìyàn sì ń rà á bí wọ́n ti ń ra àwo olórin. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ìlù kò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlú, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ ìwà ni. Nígbà tí ó yá, ó dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Lanrad, kí iṣẹ́ ẹnu rẹ̀ lè máa jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí Àbẹ̀ní ń sọ nípa àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì yẹn gan-an ni.

Lẹ́yìn èyí ni kásẹ́ẹ̀tì dé, tí wáàsí àwọn ààfáà àti ìwàásù àwọn pásítọ̀ kún ọjà. Lónìí, inú mẹ́mórì káàdì àti orí WhatsApp ni wọ́n wà. Ẹni tí ó ń gbọ́ wáàsí lórí WhatsApp nílẹ̀ Yorùbá pọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ohùn náà bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ ọ́, kò mọ ibi tí ó gbà lọ mọ́. Wọ́n á gé iwájú rẹ̀, wọ́n á gé ẹ̀yìn rẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn á sì wà lórí rẹ̀. Mo ti gba irú rẹ̀ rí láti ọwọ́ ọmọ ìyá mi, tí ó ní kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kan, bẹ́ẹ̀ mo mọ ẹni tí ó ni ohùn náà dáadáa, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

#10 Àbẹ̀ní_Peckham

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni, sà. N kò mọ ti Lanrad tẹ́lẹ̀.

#11 Ẹlẹ́rọ_Ọ̀ṣogbo

Bàbá ti là á yé wa. Ohùn tí ó bá ń rìn láìsí àdírẹ́sì kò ní olúwa. Bí wáàsí náà bá ní RSS, ẹni tí ó gbọ́ ìdajì rẹ̀ lórí WhatsApp lè wá odindi rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó sọ ọ́.

#12 Mo_Takò

Gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Kí ni wọ́n ń jẹ?

#13 Etígbọ́ràn

Oríṣiríṣi ni ọ̀nà oúnjẹ wọn pẹ̀lú. Iye tí onípolówó ń san ń tẹ̀ lé iye ìgbà tí àwọn olùgbọ́ gbé apá kan, wọ́n sì máa ń ṣírò rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà ètò tí olùgbọ́ rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ kò lè rí ohun gidi níbẹ̀. Carlin a máa jẹ́ kí àwọn apá tuntun wà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n títà ni ó ń ta àwọn ti àtijọ́. Láti ìgbà tí Patreon, ìkànnì tí ènìyàn ti lè máa fi owó ran oníṣẹ́ ọnà lọ́wọ́, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, ọ̀pọ̀ ètò kéékèèké ni ó ń gbé ara lé owó tí àwọn olùgbọ́ ń dá lóṣooṣù, ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó fẹ́ràn ètò dénú sì lè wúlò fún atọ́kùn ju ọ̀kẹ́ márùn-ún tí ń gbọ́ ọ lọ́nà ibi iṣẹ́ lásán.

Àwọn kan kó ara wọn jọ. Roman Mars, tí ó bẹ̀rẹ̀ 99% Invisible ní ọdún 2010 lórí bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé àti nǹkan ìlò, bá PRX, ilé-iṣẹ́ tí ń pín ètò rédíò káàkiri, dá Radiotopia sílẹ̀ ní ọdún 2014, kí àwọn ètò tí ó dá dúró lè máa pín onípolówó àti ìmọ̀ pẹ̀lú ara wọn. Ó ta ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 2021. Helen Zaltzman, tí ń ṣe The Allusionist lórí ọ̀rọ̀ èdè, wà nínú Radiotopia tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2020 ó jáde, pẹ̀lú ẹ̀hónú pé àwọn aláwọ̀dúdú àti àwọn mìíràn tí kì í ṣe òyìnbó kò pọ̀ tó níbẹ̀, ó sì kó ètò rẹ̀ dání lọ, nítorí pé tirẹ̀ ni.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti Maximum Fun, ilé-iṣẹ́ podcast kan ní Amẹ́ríkà. Jesse Thorn, tí ó dá a sílẹ̀, lè tà á fún ilé-iṣẹ́ ńlá bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe, ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 ó fi í sọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn atọ́kùn sì ni ó ṣì ni ètò wọn.

#14 Olùkọ́_Ìkirè

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá. Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí oríkì àwọn ìlú wa, kí n máa lọ bá àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kì ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Fóònù nìkan ni mo ní. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

#15 Ẹlẹ́rọ_Ọ̀ṣogbo

Fóònù tó, Olùkọ́. Ẹ wá yàrá tí aṣọ àti tìmùtìmù wà, nítorí pé ògiri lásán máa ń dá ohùn padà. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹnu ẹni tí ń kì, kì í ṣe àárín ẹ̀yin méjèèjì. Nígbà tí ẹ bá ń fi í pamọ́ sínú fáìlì, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ mono, ìyẹn ohùn ọ̀nà kan ṣoṣo, ní 64 kbps, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí ohùn náà ń gbà. Ìdajì wákàtí kò ní ju bíi 14 MB lọ, àwọn tí dátà wọn kéré yóò sì lè gbọ́ ọ. Ẹ fi í sí WhatsApp pẹ̀lú o, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn yín wà, ṣùgbọ́n ẹ máa sọ orúkọ ètò àti ibi tí wọ́n ti lè rí odindi rẹ̀ nínú ohùn náà fúnra rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí.

Ímeèlì tí ó bá wà nínú RSS ni ó ń fi hàn ẹni tí ó ni ín. Ẹ má ṣe lo ti ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí ó bá yín ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ fi tirẹ̀ síbẹ̀.

#16 Bàbá_Mọ́kọ́lá

Kí ẹ sì rántí ẹni tí ń ki oríkì náà fúnra rẹ̀. Bí ètò yìí bá mú owó wá lọ́la, kí ni tirẹ̀ níbẹ̀? Ẹ bá a sọ ọ́ kí ó tó lanu.

#17 Olùkọ́_Ìkirè

Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ ṣeun, Ẹlẹ́rọ. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan ni a jọ fẹ́ ṣe é, a kò sì tíì sọ ẹni tí yóò ni orúkọ rẹ̀ láàárín àwa méjèèjì, kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti àwọn tí yóò máa kì. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí kí a tó lọ bá ẹnikẹ́ni.